Òkè Òtútù Lèsótò: Níbi Tí Igbó Ti Ń Dàgbà Láàárín Àgbàdo

Òkè kan wà ní ilẹ̀ Lèsótò tó ń jẹ́ Molimo Nthuse. Bí èèyàn bá ní kí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá, kò ju "Ọlọ́run, ràn mí lọ́wọ́" lọ. Ẹni tó bá sì ti wọkọ̀ gba ibẹ̀ kọjá rí kò ní í béèrè ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà náà lọ́ bí ejò, ó ń gòkè, kò sì rẹ̀ ẹ́. Àfonífojì wà lápá kan, àpáta wà lápá kejì, ẹ́ńjìnnì ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, dírẹ́bà fọwọ́ méjèèjì di síárìn mú, àwọn èrò tó ti ń sọ̀rọ̀ látìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Maseru á wá dákẹ́ lójijì bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ fi ohun tó ju 2,300 mítà ga ju òkun lọ. Àpáta Olúmọ tí àwọn Ẹ̀gbá fi ń yangàn, 137 mítà ni wọ́n kọ pé òun fi ga ju òkun lọ. Ẹ fọwọ́ ara yín ṣírò ẹ̀.

Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe òtútù ọyẹ́ tí èèyàn á fi òrí pa ara tí yóò sì lọ. Òtútù tó ń wọ eegun ni. Láàárọ̀, kùrukùru á bo gbogbo orí òkè débi pé ẹni tó bá ń da àgùntàn bọ̀ níwájú, agogo ọrùn ẹran rẹ̀ nìkan lèèyàn á máa gbọ́. Ṣùgbọ́n bí kùrukùru náà bá ká kúrò, tí oòrùn yọ, ohun tí àlejò á rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé tí wọ́n fi òkúta mọ, láàárín àgbàdo, ni ewéko kan tí ewé rẹ̀ là bí ìka ọwọ́, tí òórùn rẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti gba ẹ̀yìn gáréèjì kọjá lálẹ́ n'Ìbàdàn tàbí ní Mushin. Igbó ni. Igbó gan-an tí àwọn NDLEA ń dáná sun.

Ìyàlẹ́nu ló máa ń jẹ́ fún ẹni tó ti rò pé nǹkan ilẹ̀ olóoru ni igbó. Nílẹ̀ Yorùbá, inú ẹgàn ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ooru ti ń mú èèyàn láàgùn, ni wọ́n ti sábà máa ń gbọ́ pé wọ́n gbìn ín sí. Ní Lèsótò, kúbùsù ni obìnrin fi ń bora lọ sí oko rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè náà kò tóbi. Inú Gúúsù Áfíríkà ló wà, tìyẹn yí i ká bí ìkòkò ṣe ń yí ọbẹ̀ ká. Kò ní òkun, kò ní èbúté. Ohunkóhun tó bá fẹ́ wọlé tàbí tó fẹ́ jáde, ẹnubodè Gúúsù Áfíríkà ló máa gbà. Wọ́n ní ọba, Letsie Kẹta lorúkọ rẹ̀. Moshoeshoe Kìíní, tó kó àwọn èèyàn rẹ̀ gun orí òkè Thaba Bosiu ní 1824 nígbà tí ogun gba gbogbo agbègbè kan, ni bàbá ńlá wọn. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá 1966 ni wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ òyìnbó. Àwọn ará ibẹ̀, tí wọ́n ń jẹ́ Basotho, lé ní mílíọ̀nù méjì. Maloti ni owó wọn, iye kan náà ló sì jẹ́ pẹ̀lú rand Gúúsù Áfíríkà. Ohun kan wá wà tó mú wọn yàtọ̀ sí gbogbo ayé: ibi tó relẹ̀ jù ní gbogbo Lèsótò, 1,400 mítà ló fi ga ju òkun lọ. Ìyẹn ni pé kòtò tiwọn ga ju òkè ẹlòmíràn lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, òjò ló ń rọ̀ lọ́hùn-ún. Láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kẹrin ni òjò wọn. Oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni òtútù gidi, tí yìnyín á máa já bọ́ bí òwú, tí á sì dí ọ̀nà orí òkè pa. Àwọn Basotho fẹ́ràn òjò púpọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà lára àmì ìjọba wọn: Khotso, Pula, Nala, èyí tí í ṣe àlàáfíà, òjò, ọ̀pọ̀. Bí wọ́n bá pé jọ níbi ìpàdé ìlú, tí ẹni ńlá sọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ wọn nínú, "Pula!" ni wọ́n á hó lé e lórí. Òjò! Ṣùgbọ́n òjò tí wọ́n ń hó fún yìí kan náà ló ń bá wọn du owó lóko, bí ẹ ṣe máa rí i níwájú.

Matekoane ni wọ́n ń pe igbó ní èdè wọn. Kì í ṣe òyìnbó ló mú un wá bá wọn. Àwọn oníṣòwò tó ń gba òkun ìlà-oòrùn wá láti Éṣíà ló gbé e dé Áfíríkà, láti ọwọ́ dé ọwọ́ ló sì fi dé gúúsù, kí òyìnbó kankan tó tẹ̀dó síbẹ̀. Ìtàn ẹnu kan tiẹ̀ wà pé àwọn Koena, ọ̀kan lára àwọn ìdílé ńlá Basotho, matekoane ni wọ́n fi ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Baroa, àwọn ọdẹ tó ti ń gbé inú ihò àpáta láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn tó kọ̀wé nípa egbòogi gúúsù Áfíríkà láyé àtijọ́ sì kọ ọ́ pé àwọn obìnrin Basotho máa ń fa á nígbà tí ìrọbí bá mú wọn, kí ìrora lè dẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má dán an wò o! Àwọn dókítà òde òní ti sọ pé kò dára fún ọmọ inú.

Ní Nàìjíríà, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn sójà tó ti ogun Bọ́mà dé ló mú un wálé. Ìjọba ológun kò sì fi eré bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀: òfin 1966 sọ pé ẹni tó bá gbìn ín, ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mọ́kànlélógún. 1975 ni wọ́n tó yọ ti ikú kúrò níbẹ̀.

ÀKỌ Ń BẸ, ABO Ń BẸ

Ọ̀nà tó ti Maseru lọ sí Thaba-Tseka ni kí èèyàn gbà, á rí bí nǹkan ṣe rí. Kó tó dé Molimo Nthuse, á kọ́kọ́ gun òkè kan tí wọ́n ń pè ní Lekhalo la Baroa. Lẹ́yìn Molimo Nthuse, òmíràn tún wà tó ju 2,600 mítà lọ, bí ẹni pé èyí tí wọ́n ti gùn kò tíì tó. Láàárín wọn ni àwọn abúlé wà. Ọkùnrin á kọjá lórí ẹṣin, kúbùsù aláràbarà lọ́rùn rẹ̀, akẹtẹ̀ onísónsó tí wọ́n fi koríko hun lórí rẹ̀. Àwọn ọmọdékùnrin á máa da ewúrẹ́ onírun gígùn. Irun ewúrẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní mohair, Gúúsù Áfíríkà nìkan ló sì ń pèsè rẹ̀ jù wọ́n lọ láyé. Bí àlejò bá kí obìnrin tó dàgbà, "'M'e" ló máa pè é, bí èèyàn ṣe ń pe Ìyá ní Yorùbá. Ọkùnrin ni "Ntate".

Ohun tó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ ni ilẹ̀. Nínú gbogbo Lèsótò, èyí tó ṣe é ro kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ìyókù, àpáta àti koríko ni. Díẹ̀ tó sì wà yìí, àgbàrá ń wọ́ ọ lọ lọ́dọọdún, ó ń gbẹ́ kòtò tó lè gbé lọ́rì mì.

Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, ní oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, ni wọ́n ń gbin àgbàdo, àárín àgbàdo náà ni matekoane ń bọ́ sí. Ọgbọ́n ló wà níbẹ̀. Àgbàdo á fi í pamọ́ fún ojú ọlọ́pàá, bí ọ̀kan bá sì kú, bóyá ìkejì á yè. Nítorí pé ikú pọ̀ lórí òkè yẹn! Òjò oníyìnyín ló kọ́kọ́ máa ń dé. Sánmà á ṣú ní ọ̀sán gangan, òkúta yìnyín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu oko. Nígbà tó bá fi máa dá, ewé gbogbo ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ bí aṣọ tí eku jẹ. Ẹni tí oko rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì òkè lè má gbọ́ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan á ṣe pàdánù, tí aládùúgbò rẹ̀ á sì là.

Ẹ̀yin tó ní ìbẹ́pẹ lẹ́yìnkùlé mọ̀ pé akọ wà, abo sì wà, akọ kì í so. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni igbó rí. Òdòdó abo ni wọ́n ń tà. Bí akọ bá da lẹ́búlẹ́bú sí i lára, kóró ni á kún, oníbàárà kò sì sanwó kóró. Torí ìdí èyí ni wọ́n ṣe ń wọ inú poro lọ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè fa akọ tu kó tó ṣe ọṣẹ́.

Ohun tó ń sọ fún ewéko yìí pé àkókò ti tó láti tanná kì í ṣe òjò. Òru ni. Lọ́hùn-ún, nǹkan bí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejìlá ni ọ̀sán ń gùn jù. Láti ibẹ̀ lọ ni òru á máa gùn díẹ̀díẹ̀, bó bá sì gùn dé ìwọ̀n kan, igbó á tanná. Oṣù kẹta ni òdòdó ń wú, oṣù kẹrin ni ó ń gbó. Ẹ wá wo wàhálà tó wà níbẹ̀! Ní oṣù kẹta, òjò kò tíì lọ. Kùrukùru ń bo oko láàárọ̀, ìrì ń sẹ̀ lálẹ́, oòrùn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Òdòdó tó bá ki, omi á há sí i nínú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu láti inú wá síta. Ẹni tó bá wò ó lóòkán á ní ó dára, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ti di eérú. Àwọn alélùbọ́ Ṣakí mọ irú nǹkan yìí dáadáa: bí òjò bá bá gbódó lórí àpáta fún ọjọ́ méjì péré, tí oòrùn kò yọ, ó ti bu nìyẹn, owó ti wọmi.

Irú tó ti wà lọ́wọ́ àwọn Basotho láti ayé baba wọn fara da nǹkan wọ̀nyí dé àyè kan. Òdòdó rẹ̀ kì í ki púpọ̀, atẹ́gùn ń gba àárín rẹ̀ kọjá, kò sì jẹ́ tuntun sí òtútù. Èyí tí àwọn olówó Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń wá kiri ni èyí tó ki bí ẹ̀kọ inú ewé. Òun ló ń mówó wá jù, òun náà sì ni òjò ń tètè bà jẹ́ jù.

Lẹ́yìn bíbu, ìrì dídì. Bí ìrì bá dì lóru ọjọ́ kan péré, ewéko tó wà lóòró lálẹ́ á ti dúdú nílẹ̀ mọ́, bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná lé e lórí. Nítorí náà, láti ìparí oṣù kẹta, àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìpinnu tirẹ̀. Bó bá gé e lónìí, kò tíì gbó tán, owó rẹ̀ á kéré. Bó bá fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, ó lè wúwo sí i, ó sì lè bu, ìrì dídì sì lè pa á. Ọdún kan gbáko wà lọ́wọ́ ìpinnu yẹn, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Láti 2000 ni ìjọba wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Sẹ́kọ́ńdírì ń gba owó.

Àbí kí ni wọ́n ń wá nídìí ohun tí òfin kò fẹ́? Wúrà ló fà á. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọkùnrin Lèsótò ló ń lọ wọ ihò wúrà ní Gúúsù Áfíríkà, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé ló ń gbé abúlé ró. Ní nǹkan bí 1990, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lé ní 100,000. Nígbà tó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ wúrà bẹ̀rẹ̀ sí í dá òṣìṣẹ́ dúró, kí ogún ọdún tó pé, ó ju ìdajì wọn lọ tí kò níṣẹ́ náà mọ́. Ọ̀pọ̀ ló padà wálé tòun ti ikọ́, eruku inú ihò ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn. Àwọn obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Maseru àti Maputsoe láti máa rán ṣòkòtò jíìnsì fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ yẹn náà kò dúró lójú kan. Ní oṣù kẹrin 2025, Ààrẹ Trump kéde pé òun máa gba ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọjà Lèsótò, kó tó já a sí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọdún yẹn kan náà. Ẹni tó bá kù lórí òkè, kí ló kù un kù? Àgbàdo tí kò ju èyí tí wọ́n á jẹ lọ, àgùntàn díẹ̀, àti matekoane.

ALÁGBÀTÀ NI OLÚWA

Ẹ̀yin tó ń ná tòmátò ní Mile 12 mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó gbìn ín ló ń jẹ èrè jù. Bọ́rọ̀ ṣe rí lórí òkè Lèsótò náà nìyẹn, tibẹ̀ tiẹ̀ tún le jù, torí pé ẹni tó ń ta ohun tí òfin kò fọwọ́ sí kò lè gbé e lọ pàtẹ lọ́jà, kò lè pe ọlọ́pàá bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ. Alágbàtà ló ń wá bá a nílé. Iye tí alágbàtà bá pè, iye yẹn ni. Ó pẹ́ tí àwọn agbófinró ti ń gbójú fo oko orí òkè, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń mú ẹrù, ẹni tó bá sì ru ẹrù kọjá níbẹ̀ máa ń yọ gbogbo ewu ọ̀nà náà kúrò nínú owó tó ń fún ẹni tó lóko.

Kì í ṣe ọ̀nà mọ́tò nìkan ni wọ́n ń gbà. Lápá ìlà-oòrùn, òkè Drakensberg ló pààlà láàárín wọn àti Gúúsù Áfíríkà, ẹsẹ̀ ẹṣin àti ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì mọ àwọn ibi tí ọ̀gá kọ́sítọ̀ọ̀mù kò mọ̀. Ọ̀nà Sani, tí orí rẹ̀ ga tó 2,876 mítà, ni èyí tí àwọn àlejò mọ̀ jù níbẹ̀, òkúta wẹẹrẹ ló kún un, bí mọ́tò bá sì yọ̀ níbẹ̀, orí ló ń yọ ọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ilẹ̀ àwọn Zulu, lẹ́yìn ilẹ̀ àwọn Zulu ni Durban, níbi tí owó wà.

Nígbà tó di 2017, Lèsótò ṣe ohun tí orílẹ̀-èdè kankan kò tíì ṣe rí nílẹ̀ Áfíríkà. Ìjọba fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ kí wọ́n máa gbin igbó fún oògùn ilé-ìwòsàn. Ariwo ta! Àwọn olówó dé láti Kánádà àti Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n ní oòrùn orí òkè mú, omi rẹ̀ mọ́, èéfín ilé-iṣẹ́ kò ba afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́, owó lébìrà kò sì wọ́n. Gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ òótọ́.

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Molimo Nthuse, tó ti gun òkè kejì, tó wá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Marakabei létí odò Senqunyane, ó ti wọ agbègbè tí ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí wà. Ilé gbọọrọ gbọọrọ ni wọ́n kọ́, tí wọ́n fi nǹkan tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé bò láti òkè dé ilẹ̀. Òjò kò lè wọ ibẹ̀, ìrì kò lè sẹ̀ síbẹ̀, òkúta yìnyín kò lè ba nǹkan kan jẹ́ nínú ẹ̀. Fáànù ń fẹ́ tọ̀sán-tòru kí ọ̀rinrin má bàa dúró sára òdòdó, nítorí pé oògùn ni wọ́n ní àwọn ń ṣe, aláìsàn ní Jámánì kò sì gbọ́dọ̀ mu ohun tó bu. Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò ní yàrá ìwádìí kó tó kúrò nílẹ̀. Nígbà tó di 2021, ọjà Lèsótò di èyí tí Yúróòpù fọwọ́ sí pé ó lè wọlé bí oògùn, òun ló sì kọ́kọ́ gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà.

Ẹ ò rí nǹkan! Igbó tó wà nínú ilé yẹn àti igbó tó wà láàárín àgbàdo lókè ọ̀hún, igbó ni àwọn méjèèjì. Kùrukùru kan náà ló bo àwọn méjèèjì láàárọ̀. Ọ̀kan ní òrùlé, ìkejì kò ní. Ọ̀kan ń wọ ọkọ̀ òfúrufú, ìkejì ń gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lóru.

Ṣé obìnrin orí òkè kò wá lè gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ni? Nǹkan bí 500,000 maloti ni wọ́n ń béèrè fún ìwé àṣẹ náà. Ní 2018, owó oṣù ẹni tó ń rán jíìnsì ní Maseru kò ju nǹkan bí 2,000 maloti lọ. Bí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bá jẹun, tí kò wọṣọ, tí kò sanwó ilé, ogún ọdún àti oṣù mẹ́wàá ni á fi tọ́jú owó ìwé àṣẹ nìkan. Ilé gbọọrọ kò tíì sí níbẹ̀. Fáànù kò tíì sí níbẹ̀. Ọgbà, ọlọ́dẹ àti yàrá ìwádìí kò tíì sí níbẹ̀. Ẹni tó ṣe òfin yẹn lè má ní àwọn ará abúlé lọ́kàn láti dí wọn lọ́nà, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá gbé owó ẹnu-ọ̀nà ga tó bẹ́ẹ̀, ó ti mọ irú ẹni tó máa wọlé.

Iṣẹ́ wà fún àwọn kan, kò yẹ kí wọ́n fi ìyẹn pamọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà gba àwọn ọ̀dọ́ abúlé láti máa gbìn, láti máa gé, láti máa ṣọ́ ọgbà, owó oṣù sì dára ju àìrí nǹkan kan lọ. Ṣùgbọ́n ilé ńlá náà ń wó. Ọ̀kan tó wà ní agbègbè Mafeteng, tí wọ́n ti fi ariwo ṣí, wọ gbèsè ní 2021, ibi tí wọ́n ti ń pín dúkìá ẹ̀ fún àwọn tó jẹ lówó lọ̀rọ̀ já sí. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, àwọn olówó á wọ ọkọ̀ òfúrufú padà. Àwọn tó ti fi ilẹ̀ àgbàdo wọn sílẹ̀ kò ní ibi tí wọ́n máa padà sí.

Láti ẹ̀yìn náà ni nǹkan mìíràn tún ti gbá wọn. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹsàn-án 2018, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lórí òfin ilẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà sọ pé àgbàlagbà tó bá gbin igbó sílé ara rẹ̀, tó sì fa á níbẹ̀, kò dá ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tó ń lò ó yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: oníbàárà tó ti ń ra ọjà yín láti ọdún yìí wá, tí wọ́n bá ní kó lọ máa gbìn ín sínú ìkòkò lẹ́yìn ilé rẹ̀, ṣé á ṣì máa wá? Òmíràn sì ń gbìn ín lábẹ́ iná, nínú yàrá, níbi tí kùrukùru kò sí, tí ọjà rẹ̀ ń dán ju ti orí òkè lọ.

Ohun kan wà tó máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín ẹ̀kún lójú ọ̀nà yẹn. Kó tó dé Marakabei ni adágún odò ńlá kan wà, Mohale, tí wọ́n fi ògiri dí odò Senqunyane kí omi lè pọ̀ níbẹ̀. Ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè ni omi náà ń gbà lọ sí Katse, láti Katse ni ó ti ń lọ sí Gúúsù Áfíríkà, apá Johannesburg. Ìwé àdéhùn rẹ̀ ti wà láti 1986, ìjọba Lèsótò sì ń gbowó rẹ̀. Òjò tó ń ba òdòdó jẹ́ lórí òkè, òun náà ló ń sọ̀ kalẹ̀ sínú adágún, wọ́n á tà á ní ọjà tí òfin fọwọ́ sí, wọ́n á sì gba rìsíìtì.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilẹ̀ Yorùbá lọ́nà kan. Ní oṣù karùn-ún 2019, Rotimi Akeredolu, tó jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, àti ọ̀gá NDLEA ìgbà yẹn, jọ lọ sí Thailand láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún oògùn níbẹ̀. Gómìnà ní owó wà níbẹ̀, kí Nàìjíríà má jẹ́ kó kọjá òun. Inú bí àwọn kan, àwọn kan rẹ́rìn-ín, òfin Nàìjíríà kò sì yí padà. Àwọn tó ń retí kó yí padà lè fẹ́ béèrè nígbà yẹn, kí àwọn olówó tó dé, iye tí ìwé àṣẹ máa jẹ́ fún àgbẹ̀ tó ti wà nínú ẹgàn tipẹ́, àti bóyá orúkọ tirẹ̀ máa wà níbẹ̀ rárá. Ní ti àwọn ọmọ tó ń fa á ní gáréèjì, wọn kò sí nínú ìjíròrò yìí. Òbí tó bá ti rí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú nídìí ẹ̀ mọ ohun tí ojú òun rí.

Lẹ́yìn Marakabei, ọ̀nà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó gba Mantsonyane kọjá lọ sí Thaba-Tseka. Ilé gbọọrọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí oṣù kẹrin bá ń parí lọ, àgbàdo á ti gbẹ lóòró, wọ́n á ya á, wọ́n á sì jẹ́ kí ẹran gbogbo abúlé wọ inú oko wá jẹ pòròpórò. Ohun tí wọ́n gé láàárín rẹ̀ á ti wà nínú ilé, kò gbọ́dọ̀ bá ìrì mọ́. Òtútù á ti gba òde, ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ ni wọ́n á fi dáná, èéfín á máa yọ láàárín koríko òrùlé. Alágbàtà á dé lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú. 'M'e tó ni oko á gbé àpò náà wá sí iwájú iná. Ọkùnrin náà kò ní í kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Á mú òdòdó kan tó wú dáadáa, á fi àtàǹpàkò méjèèjì là á sí méjì, á sì gbé inú rẹ̀ sún mọ́ iná, kó wò ó bóyá ó ti bu.